Tàdáwà mi ń tàn ká lórí bébà Xuan, kí ni kí n ṣe?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ayàwòrán. Oṣù kẹta rèé tí mo ti ń kọ́ bí àwọn ará Ṣáínà ṣe ń ya òdòdó àti ẹyẹ. Qi Baishi (1864–1957), ayàwòrán ará Ṣáínà, ló gbà mí lọ́kàn. Ẹ wo edé tó máa ń yà: tàdáwà lásán ni, síbẹ̀ ẹ ó rò pé ó ń lúwẹ̀ẹ́ ni.

Bébà Xuan, bébà tí àwọn ará Ṣáínà fi ń yàwòrán, ni wàhálà mi. Irú Xuan tí wọn kò fi nǹkan kan pa lára ni mo rà. Bí búrọ́ọ̀ṣì bá ti kàn án báyìí, tàdáwà ti fà lọ. Àgógó ológoṣẹ́ tí mo yà lánàá wú bíi ti pẹ́pẹ́yẹ. (Ẹ má rẹ́rìn-ín, ọmọ mi ti rín in tó.) Mo mọ̀ pé èyí tí wọ́n fi álọ́ọ̀mù àti gúlù pa kì í fa omi bẹ́ẹ̀, òun ló bá gongbi mu, irú àwòrán fínnífínní tí wọ́n mọ Ọba Huizong ilẹ̀ Ṣáínà mọ́. Ṣùgbọ́n xieyi ni mo fẹ́, èyí tí wọ́n ń yà wéréwéré.

Ṣé kí n fi èyí tí wọ́n pa lára kọ́wọ́ ná, àbí kí n kàn dín omi búrọ́ọ̀ṣì kù? Ẹni tó ti gba ibẹ̀ kọjá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye.