Èsì: "Eré ìrìn" kọ́ o, "ìrìn ìje" ni kí a pè é

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú làálàá èdè.

Mo ti ka gbogbo ohun tí a ti kọ láti ọjọ́ Ajé lórí orúkọ tó yẹ ìdíje tí àwọn eléré ìdárayá ti ń fi ìrìn dupò, tí wọn kì í sáré, èyí tí òyìnbó ń pè ní "race walking". Nítorí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé: àbúrò wa kan tó ń túmọ̀ ìròyìn ló béèrè. Bàbá wa, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ní "ìrìn kánmọ́kánmọ́" ló dára. Àwọn kan fara mọ́ "eré ìrìn", ẹnì kan sì dá "ìrìn-sáré" lábàá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n dá sí i, nítorí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn mí rí.

Ní oṣù keje ọdún 2022, èmi ni mo ka ìròyìn eré ìdárayá lórí rédíò ní ọjọ́ kejì tí ìdíje àgbáyé parí ní Eugene, ní Amẹ́ríkà. Ọdún náà ni àwọn ọkùnrin kọ́kọ́ fi ìrìn díje fún kìlómítà 35 níbẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n pa kìlómítà 50 tì. Massimo Stano ti Ítálì ló gba wúrà. Wákàtí 2, ìṣẹ́jú 23 àti ìṣẹ́jú-àáyá 14 ló fi rìn ín. Masatora Kawano ti Japan dé ní ìṣẹ́jú-àáyá kan péré lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó: ẹni méjì rìn fún ohun tó ju wákàtí méjì lọ, ìṣẹ́jú-àáyá kan ló wà láàárín wọn! Tayọ̀tayọ̀ ni mo fi kà á, mo sì pè é ní "eré ìrìn". A ò tíì kúrò lórí afẹ́fẹ́ tí olùgbọ́ kan fi pè wá. Ó ní eré wo ni wọ́n ṣe tí wọ́n fi fún wọn ní wúrà, ṣé ti orí ìtàgé ni?

Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tó gbọ́ ló béèrè. "Eré" nìkan, eré ṣíṣe ni létí wa: eré ọmọdé, eré òṣùpá, eré orí ìtàgé. "Sá" ló ń sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ìyára. Awakọ̀ tó ń sá eré àsápajúdé, gbogbo wa la mọ ohun tó ń ṣe. Tí a bá wá yọ "sá" kúrò, tí a fi "ìrìn" dí àlàfo rẹ̀, eré yóò pa dà sílé rẹ̀ àtijọ́, ẹni tó ń gbọ́ wa yóò sì máa wá òṣèré.

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. "Ìrìn kánmọ́kánmọ́" dùn létí, kò sì sí àléébù nínú rẹ̀ bí Yorùbá. Ohun tí mo rí ni pé ó ti ní iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe. Òun ni nọ́ọ̀sì ń sọ fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, pé kó máa rìn kánmọ́kánmọ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójúmọ́. Ìrìn ìlera nìyẹn. Tí a bá fún ìdíje lórúkọ kan náà, màmá tó ń rìn yí ilé ká láàárọ̀ àti Yohann Diniz ará Faransé yóò máa jẹ́ orúkọ kan. Diniz yìí rin kìlómítà 50 ní Zurich ní ọdún 2014 láàárín wákàtí 3, ìṣẹ́jú 32 àti ìṣẹ́jú-àáyá 33. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ yóò mọ ibi tí kìlómítà 50 ń gbé èèyàn dé.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí "ìrìn-sáré", nítorí ẹni tó mú un wá mọ èdè. Ó ní "sáré" kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ nìkan, pé a máa ń sáré jẹun, a máa ń sáré wẹ̀, tí ìdí wa yóò sì wà lórí àga. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òfin méjì ló gbé ìdíje yìí dúró. Èkíní, lójú ẹni tó ń wò ó, ẹsẹ̀ kan gbọ́dọ̀ máa wà nílẹ̀ nígbà gbogbo. Èkejì, ẹsẹ̀ tó lọ síwájú gbọ́dọ̀ nà gbọnrangandan láti ìgbà tó bá ti kanlẹ̀ títí ara yóò fi dúró ṣánṣán lórí rẹ̀. Torí kí ẹnikẹ́ni má baà sáré ni wọ́n ṣe ṣe òfin méjèèjì. Ní ìdíje Òlíńpíìkì ti Sydney lọ́dún 2000, Jane Saville ọmọ Ọsirélíà ló wà níwájú nínú kìlómítà 20 ti obìnrin. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ pápá ìṣeré, níwájú àwọn ará ìlú rẹ̀, nígbà tí wọ́n yọ ọ́ kúrò torí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kanlẹ̀ mọ́. Báwo la ṣe fẹ́ kọ ìyẹn? Pé wọ́n yọ ọ́ nínú ìrìn-sáré nítorí ó sáré?

Ẹnì kan tún kọ̀wé lánàá pé kámẹ́rà máa ń fi hàn pé ẹsẹ̀ méjèèjì ń kúrò nílẹ̀ fún ìdá bíńtín nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà irọ́ ni a ń pa tí a bá pè é ní ìrìn. Ojú lásán ni òfin sọ, kò sọ kámẹ́rà. Láyé Yorùbá pàápàá, ta ló ti so "rìn" mọ́ ẹsẹ̀ nìkan rí? Ọkọ̀ ń rìn, ọkọ̀ ojú omi sì ń rìn lórí omi.

Èyí tí mo mú wá ni "ìrìn ìje". Gbogbo ẹni tó ti jókòó gbọ́ ìwàásù rí ló mọ eré ìje. "Ìje" ló ń sọ pé a fẹ́ mọ ẹni tó máa ṣíwájú, "ìrìn" ló ń sọ ohun tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ ṣe. Ohun tó mú inú mi dùn jù ni pé ọ̀nà rẹ̀ ti wà nílẹ̀ tipẹ́. A ń rin ìrìn àjò, a sì ní arìnrìn-àjò. A ó máa rin ìrìn ìje, a ó sì ní arìnrìn-ìje. Mo ti kọ́kọ́ gbìyànjú "arìnje" nítorí ó kúrú, ṣùgbọ́n tí èèyàn bá yára pè é, ẹni tó ń rìn kiri wá oúnjẹ ni yóò dún bí. Ti ọ̀nà jíjìn kò ṣòro: ìrìn ìje ọ̀nà jíjìn.

Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké wá kù. Kí ẹsẹ̀ méjèèjì kúrò nílẹ̀, mo ní kí a pè é ní "àìkanlẹ̀". Ohun róbótó aláwọ̀ ìyeyè tí adájọ́ ń gbé sókè láti fi kìlọ̀, ẹ jọ̀ọ́, kí a má pè é ní káàdì. Ẹni tó ń wo bọ́ọ̀lù yóò rò pé méjì rẹ̀ ń di pupa, bẹ́ẹ̀ ìkìlọ̀ yẹn kì í di ẹ̀ṣẹ̀ síni lọ́rùn. Káàdì pupa ló ń kà: tí mẹ́ta bá pé láti ọwọ́ adájọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ìyà dé nìyẹn. Ohun ìkìlọ̀ aláwọ̀ ìyeyè yẹn ní ọwọ́ tí a fi ń dì í mú, ó sì rí pẹrẹsẹ: abẹ̀bẹ̀ ni. "Abẹ̀bẹ̀ ìkìlọ̀" tẹ́ mi lọ́rùn.

Ti orúnkún ni mi ò tíì rí ṣe. "Orúnkún kíká" kò péye, nítorí ẹsẹ̀ tó wà lẹ́yìn láǹfààní láti ká. Àìnà ẹsẹ̀ iwájú ni ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n "àìnà" lásán, ọmọ tí wọn ò nà lẹ́gba ni yóò wá sí èèyàn lọ́kàn, "àìnasẹ̀" sì dà bíi ti ẹni tí kò jáde lọ ṣeré díẹ̀ nírọ̀lẹ́. Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ kọ́ wa ní gírámà, kí lẹ máa pè é?