Owó ìjọba tó ń ra irè oko fún ilé tí ebi ń pa: kí ló kù nílẹ̀?

Ìyá Ìbejì, Baltimore:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ìbéèrè kan ni mo gbé wá. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá dé pántírì tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò wa, níbi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ lọ́fẹ̀ẹ́, mo máa ń bá ẹ̀fọ́ tútù níbẹ̀, ẹyin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé, ànàmọ́ tí erùpẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Wọ́n á lẹ orúkọ oko tó ti wá mọ́ ara àpótí. Ní báyìí, oúnjẹ inú agolo nìkan ni mò ń bá. Mo bi obìnrin tó ń pín in, ó ní owó ìjọba tí wọ́n fi ń ra ti oko ló tán. Owó wo nìyẹn? Ṣé kò ní padà wá mọ́ ni? Wọ́n ti dín wákàtí iṣẹ́ ọkọ mi kù, ọmọ mẹ́rin ló wà nílẹ̀, ìyá ọkọ mi sì wà lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀yin lẹ ni mí, ìdí nìyẹn tí mo fi lè sọ ọ́ níbí.

Ẹ̀gbọ́n Chicago:
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, Ọlọ́run á dá sí i. LFPA ni orúkọ owó náà, ìyẹn Local Food Purchase Assistance. USDA, iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn ìjọba àpapọ̀, ló gbé e kalẹ̀ ní ìparí 2021. Mílíọ̀nù 400 dọ́là ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, láti inú owó ìrànwọ́ ìgbà Kòrónà, wọ́n sì tún bu owó lé e lẹ́yìn náà. USDA á bá ìjọba ìpínlẹ̀ tàbí ìjọba àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ tọwọ́ bọ̀wé. Àwọn yẹn á wá àgbẹ̀ ìtòsí, wọ́n á ra irè oko rẹ̀ ní iye tó máa jẹ́ kó jèrè, wọ́n á kó o fún báńkì oúnjẹ, ìyẹn ilé ńlá tó ń kó oúnjẹ jọ fún àwọn pántírì, ibẹ̀ ló ti ń dé pántírì yín. Oko náà gbọ́dọ̀ wà nínú ìpínlẹ̀ kan náà, tàbí kó má ju máìlì 400 lọ sí ibi tí oúnjẹ ń lọ. Wọ́n sì ní kí wọ́n wá àwọn àgbẹ̀ kéékèèké, àti àwọn tí wọ́n ti ń tì sẹ́yìn láti ọjọ́ pípẹ́, kàn dáadáa. Níbí ní Illinois, IL-EATS la mọ̀ ọ́n sí.

Oṣù Kẹta 2025 ni USDA fagi lé èyí tó yẹ kó tẹ̀ lé e, pẹ̀lú èyí tí wọ́n fi ń ra irè oko fún ilé ìwé. Àpapọ̀ méjèèjì lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là. Àdéhùn tó ti wà nílẹ̀ ń bá a lọ títí owó inú rẹ̀ fi tán, ìyẹn ni kò jẹ́ kí ọwọ́ já gbogbo ibi lọ́jọ́ kan náà. Wọ́n ní ètò ìgbà Kòrónà ni. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Kòrónà lọ, ebi ò bá a lọ.

Àgbẹ̀ Texas:
Ẹ jẹ́ kí n sọ ti oko, torí mo wà lára àwọn tó ta nǹkan fún ètò yìí. Éékà méjì ni mò ń dá, ìrìn wákàtí kan sí Houston. Kí owó yẹn tó dé, ọjà àgbẹ̀ ti ọjọ́ Sátidé ni mo gbójú lé. Bí òjò bá fi lè rọ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ̀fọ́ mi di ti ewúrẹ́. Ìgbà tí báńkì oúnjẹ kan gbà láti máa ra tẹ̀tẹ̀ àti ewédú lọ́wọ́ mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ lọkàn mi tó balẹ̀. Mo mọ iye tí mo fẹ́ tà kí n tó gbin ín. Mo gba ọmọkùnrin kan síṣẹ́.

Ewédú tí mo kọ́kọ́ kó lọ, ẹkún ló fẹ́ẹ̀ pa mí. Àwọn tó wà ní pántírì tí wọ́n gbé e lọ ò mọ ohun tó jẹ́. Wọ́n gbé e kalẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, ó rọ sínú àpótí. Lọ́sẹ̀ kejì mo mú bébà, mo kọ bí wọ́n ṣe ń sè é. Mo kọ orúkọ tí àwọn ẹlòmíràn ń pè é sí i: molokhia ni fún àwọn ará Íjíbítì àti Sudan, saluyot ni fún àwọn ará Philippines. Mo kọ callaloo sára tẹ̀tẹ̀ fún àwọn ará Jàmáíkà. Kó tó di aago mẹ́wàá, àpótí ti ṣófo. Ìyá arúgbó kan gbá ìdì ewédú mọ́yà, ó ń sọ Lárúbáwá sí mi. Mi ò gbọ́ Lárúbáwá, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó ń wí ló yé mi.

Ọjọ́ tí wọ́n pè mí pé kò sówó mọ́, ẹ̀fọ́ ti wà lórí ebè, ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí n gé e. Oníbàárà kan ṣoṣo ni mo gbé oko mi lé lọ́wọ́, àṣìṣe mi nìyẹn, ẹ̀yin tó ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ má ṣe irú rẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Baltimore:
Bàbá, ẹ kú ìrọ́jú. Mi ò tíì ronú kan ẹni tó gbin ín rí. Mo rò pé àwa tó ń jẹ ẹ́ nìkan ló bá.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Bronx:
Ìpínlẹ̀ mìíràn ní tiwọn tí kì í ṣe ti ìjọba àpapọ̀, ẹ béèrè ní ìpínlẹ̀ yín. Níbí, Nourish New York ni. Ọdún 2020 ló bẹ̀rẹ̀, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ ń da mílíìkì nù tí àwọn ènìyàn sì tò lọ bẹẹrẹ níbi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ. Ní 2021 wọ́n sọ ọ́ di òfin. Pennsylvania ní PASS, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe. Ẹ wá pe ọ́fíìsì aṣojú-ṣòfin yín. Mo ti pè wọ́n, ìṣẹ́jú mẹ́ta kò gbà. Orúkọ, àdúgbò, ohun tí ẹ fẹ́, ó tán.

Nọ́ọ̀sì Atlanta:
Ìyá Ìbejì, ẹ jẹ́ ká wo ti ilé yín ná.

Àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ yín. Tí wọ́n bá ti pé ọgọ́ta ọdún tí owó tó ń wọlé kò sì pọ̀, ètò kan wà tó ń jẹ́ Senior Farmers' Market Nutrition Program. Wọ́n ń fún àwọn àgbà ní ìwé tàbí káàdì tí wọ́n fi ń ra ẹ̀fọ́, èso àti oyin lọ́wọ́ àgbẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà ìkórè. Ó máa ń tètè tán, ẹ má dúró kí ooru mú kí ẹ tó béèrè. Ẹni tó bá wà lórí WIC, ètò oúnjẹ fún aláboyún, ìyá ọmọ àti ọmọ kéékèèké, ní irú tirẹ̀.

Èkejì, tí ẹ bá ń gba SNAP, owó oúnjẹ tí ìjọba ń fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò pọ̀, ẹ má ná an tán sí ilé ìtajà ńlá. Ní Maryland yín níbẹ̀, Maryland Market Money ń fi owó kún owó EBT, ìyẹn káàdì tí owó SNAP ń wọlé sí, lọ́jà àgbẹ̀, ó níye tó ń kún un lọ́jọ́ kan. Ẹ lọ sí tábìlì ibi ìgbìròyìn ọjà kí ẹ tó ra ohunkóhun, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fa káàdì. Ọjà 32nd Street ní Waverly ń ná ní gbogbo Sátidé, òjò ni o, yìnyín ni o.

Ẹ̀kẹta rèé, ọ̀pọ̀ wa ni kò mọ̀ ọ́n: ẹ lè fi SNAP ra irúgbìn, àti ohun ọ̀gbìn tó ń so oúnjẹ. Ó ti wà nínú òfin láti ọdún 1973. Páálí irúgbìn tẹ̀tẹ̀ kan á bọ́ yín láti oṣù kẹfà títí òtútù á fi dé. Ẹ gbin ín sínú ike ní bàkọ́nì tí kò bá sí ilẹ̀.

Ẹnì kan láti Dallas:
Ẹ jọ̀ọ́, green card mi ò tíì pé ọdún márùn-ún. Wọ́n ní mi ò lè gba SNAP. Ṣé àwọn ọmọ mi náà ò lè rí nǹkan kan gbà ni?

Nọ́ọ̀sì Atlanta:
Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 tó ní green card kì í dúró de ọdún márùn-ún. Ọmọ tí wọ́n bí síbí, ọmọ ìlú ni, ẹ lè béèrè ní orúkọ rẹ̀ bí ẹ̀yin fúnra yín ò tiẹ̀ yẹ. Òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Keje 2025 ló yọ àwọn tó sá àsálà wá síbí (refugee àti asylee) kúrò nínú SNAP, ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bá kàn, kó lọ bá agbẹjọ́rò tó mọ̀ nípa ìwé ìwọ̀lú kó tó fọwọ́ sí ohunkóhun. Ẹ má gbé e lé ohun tí ọ̀rẹ́ sọ.

Ti pántírì yàtọ̀. Ọdún mẹ́ta ni mo ti fi ń bá wọn pín oúnjẹ lọ́jọ́ Sátidé. Orúkọ, iye ẹni tó wà nínú ilé, kí ẹ fọwọ́ sí i pé owó yín kò kọjá ìwọ̀n, òun là ń béèrè. A ò béèrè ìwé ìwọ̀lú rí. Ní oṣù Kọkànlá 2025, nígbà tí ìjọba tilẹ̀kùn tí SNAP ò wọlé lásìkò, àwọn tó wọ aṣọ iṣẹ́ báńkì àti aṣọ nọ́ọ̀sì wà lórí ìlà. Ẹ pe 211, nọ́ńbà fóònù tí wọ́n ti ń júwe ibi ìrànwọ́, wọ́n á sọ pántírì tó sún mọ́ yín.

Àgbẹ̀ Texas:
Mo ti rí lẹ́tà ìbéèrè mẹ́rin gbà lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ máa gbìn, ẹ jẹ́ kí n dáhùn níbí lẹ́ẹ̀kan. Kí ẹ tó ra ọkọ́, ẹ lọ sí ọ́fíìsì FSA ti káńtì yín, ìyẹn ẹ̀ka USDA tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn àgbẹ̀, kí ẹ gba nọ́ńbà oko. Ọ̀fẹ́ ni, láìsí i ẹ ò sí nínú ìwé ìjọba. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń yá àgbẹ̀ kéékèèké lówó, tó lè tó 50,000 dọ́là. Ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ bá tà sílẹ̀: ọjọ́, ìwọ̀n pọ́n-ùn, iye. Báńkì oúnjẹ ò ní ra nǹkan lọ́wọ́ ẹni tí kò lè fún un ní ìwé owó. Ọ̀pọ̀ á tún béèrè inṣọ́ránsì, àti ẹ̀rí pé ẹ ń fi omi tó mọ́ fọ ẹ̀fọ́. Mo pín oko tèmi sí mẹ́ta báyìí: ìdá kan fún ọjà Sátidé, ìdá kan fún àwọn ilé oúnjẹ wa ní Houston, ìdá tó kù fún àwọn ìdílé tó ti sanwó ṣáájú kí n tó gbìn. Mo ṣì ń yọ àpótí méjì sọ́tọ̀ fún pántírì yẹn.

Ìyá Ìbejì, Baltimore:
Mo padà dé. Mo pe 211 ní àárọ̀ yìí. Wọ́n ti kọ orúkọ màmá sílẹ̀ fún ti àwọn àgbà, wọ́n sì júwe pántírì mìíràn tó ń gba ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ àgbẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Màmá ti ń béèrè lọ́wọ́ mi bóyá wọ́n á rí ewédú níbẹ̀.

Àgbẹ̀ Texas:
Ẹ fi àdírẹ́sì yín ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀, mo ní irúgbìn ewédú nílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ da omi gbígbóná lé e lórí, torí èèpo rẹ̀ yi, kí ẹ tó gbin ín. Kí màmá gbin ín fúnra wọn.