Mo ka ìwé bàbá ìsàlẹ̀ Memphis

Ẹ̀yin ará, tèmi rèé. Memphis ni mò ń gbé, ní Tennessee. Iṣẹ́ ilé-ìwé ló gbé mi dé yàrá ìtàn ìlú ní ilé-ìkàwé ńlá tó wà ní Poplar Avenue, níbi tí wọ́n kó ìwé E. H. Crump pamọ́ sí. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ìjọba gbígbẹ ni mo fẹ́ bá pàdé.

Ọmọ Holly Springs ní Mississippi ni Crump, 1874 ni wọ́n bí i. Ó di méyọ̀ Memphis ní 1910, ṣùgbọ́n ilé-ẹjọ́ yọ ọ́, torí pé òfin ka ọtí léèwọ̀ ní Tennessee, òun sì ń wo àwọn tó ń tà á níran. Ìgbà tó kúrò lórí oyè gan-an ló wá di bàbá ìsàlẹ̀. Láti ọ́fíìsì iléeṣẹ́ ìbánigbófò rẹ̀ ló ti ń yan ẹni tí yóò jẹ méyọ̀.

Lẹ́tà àwọn èèyàn ló dá mi dúró. Ẹni tó ń wá iṣẹ́ kọ̀wé sí i, ẹni tí inú ń bí sí nǹkan kan ládùúgbò rẹ̀ kọ̀wé sí i. Méyọ̀ wà níbẹ̀ o! Wọn ò tiẹ̀ yà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ó tún jẹ méyọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ wá gbọ́ bó ṣe jẹ ẹ́. Òru ọjọ́ kìíní oṣù January 1940, yìnyín ń bọ́, ó búra ní ibùdókọ̀ ojú irin, ó kọ̀wé fipò sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó wọkọ̀ lọ wo bọ́ọ̀lù ní New Orleans! Ó kàn ń bá ẹlòmíràn di àga mú ni.

Àwọn aláwọ̀ dúdú máa ń dìbò ní Memphis láyé ìgbà yẹn, nígbà tí wọ́n ń dí wọn lọ́nà ní ọ̀pọ̀ ìlú Gúúsù. Àmọ́ àwọn ọmọ ẹ̀yìn Crump ló ń san owó-orí ìdìbò, ìyẹn owó tí èèyàn gbọ́dọ̀ san kó tó lè dìbò, fún ọ̀pọ̀ wọn, àwọn náà ló sì ń sọ ẹni tí wọn yóò dìbò fún.

Ẹlòmíràn dá sí i:

Ẹ̀gbọ́n, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹ dé University of Memphis, kí ẹ ní kí wọ́n gbé ìwé ẹbí Church fún yín. Aláwọ̀ dúdú ni Robert Church kékeré, ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú Republican, òun ló dá Lincoln League sílẹ̀ ní 1916 kí àwọn èèyàn rẹ̀ lè forúkọ sílẹ̀ fún ìdìbò. Òun àti Crump ti jọ ṣe wọléwọ̀de rí. Nígbà tí agbára bọ́ lọ́wọ́ Republican ní Washington, Crump ò rí i lò mọ́. Wọ́n ní ó jẹ gbèsè owó-orí ilé, ìlú gba àwọn ilé rẹ̀, wọ́n tà wọ́n, ọkùnrin náà kó kúrò ní Memphis. Ó kú ní 1952. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ilé ńlá tí bàbá rẹ̀ kọ́ ni wọ́n dáná sun ní gbangba, wọ́n ní àwọn fẹ́ fi bí ẹ̀rọ omi tuntun ṣe ń ṣiṣẹ́ han àlejò. Àwọn panápaná ìlú ló sì tanná ràn án.