Ọmọ mi rí ibi tí mo fi ṣíbí sí, síbẹ̀ ibòmíràn ló ti lọ wá a

Ìyá Àkọ́bí, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin òbí. Lọ́jọ́ Sátidé, mo wà lẹ́yìnkùlé, mò ń dúró kí iṣu jinná kí n gún iyán. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ oṣù 9, jókòó lórí ẹní níwájú mi. Kó má baà máa sunkún, mo mú abọ́ ike méjì, ọ̀kan pupa, ọ̀kan funfun, mo fi ṣíbí sábẹ́ èyí pupa. Ó taari abọ́, ó mú ṣíbí, ó rẹ́rìn-ín. A ṣe é bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin.

Lẹ́ẹ̀karùn-ún, abẹ́ abọ́ funfun ni mo fi í sí. Ojú rẹ̀ ló ṣe. Ó ń wo ọwọ́ mi títí mo fi dojú abọ́ dé e. Mo yíjú wo ìkòkò lórí iná, mo tún kọjú sí i. Ni ọmọ bá nawọ́ sí abọ́ pupa! Ó ṣí i, ó yẹ abẹ́ rẹ̀ wò, kò bá nǹkan kan, ó wá gbójú sókè wò mí.

Ìyá ọkọ mi tó ń fọ odó ní, “Ọmọ yìí kì í fọkàn sí nǹkan.” Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Ṣé ojú ọmọ mi ni, àbí ọpọlọ rẹ̀? Ta ló ti rí irú èyí rí?

Màmá Tíṣà, Adó-Èkìtì

Ìyá Àkọ́bí, ọmọ mi, fọkàn balẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó wà lọ́jọ́ orí yẹn ló ń ṣe é. Mo rí i lára àkọ́bí tèmi náà, ẹ̀rù bà mí bíi tìrẹ, kí n tó kà nípa rẹ̀ nígbà tí mo ń kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Jean Piaget, ará Switzerland, rí i lára àwọn ọmọ tirẹ̀ mẹ́ta, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ní 1937. Òun gbà pé ohun tí ọmọ ọwọ́ kò bá rí mọ́, kò tíì dá a lójú pé ó ṣì wà níbì kan.

Ìwádìí Adele Diamond, tó jáde ní 1985, ló tù mí nínú jù. Ó tẹ̀lé àwọn ọmọ títí wọ́n fi pé ọdún kan. Tí wọ́n bá jẹ́ kí ọmọ nawọ́ lójú ẹsẹ̀, á mú ohun tó ń wá. Tí wọ́n bá dá a dúró díẹ̀, á padà síbi àkọ́kọ́. Ìṣẹ́jú àáyá tí ọmọ lè fi dúró láìṣì í ń fi nǹkan bí 2 lé sí i lóṣooṣù. Tó bá fi máa pé ọdún kan, ó lè ju 10 lọ.

Nǹkan méjì ló ń jà nínú orí ọmọ náà: ibi tó rí ṣíbí sí gbẹ̀yìn, àti ọwọ́ tó ti mọ ọ̀nà abọ́ pupa lẹ́ẹ̀mẹrin. Apá iwájú ọpọlọ ló ń di ti àkọ́kọ́ mú, tó sì ń kó ọwọ́ níjàánu. Apá yẹn sì wà lára èyí tó ń pẹ́ gbó jù. Ìgbà tí o yíjú wo ìkòkò yẹn ló gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́.

Bàbá Ìbejì, Ìjerò-Èkìtì

Ẹ kú iṣẹ́, Màmá Tíṣà. Tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Nígbà tí àwọn ìbejì mi wà lóṣù 2, Kẹ́hìndé á tẹjú mọ́ fèrèsé, ibi tí oòrùn ń gbà wọlé. A ó pè é, a ó patẹ́wọ́, kò ní ṣíjú. Nígbà míì á bú sẹ́kún, síbẹ̀ ojú rẹ̀ kò ní kúrò níbẹ̀. Ìyá mi ní àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́run ló ń wò. Nọ́ọ̀sì tó gún wọn lábẹ́rẹ́ àjẹsára ló ṣàlàyé pé ojú ọmọ tó kéré tó bẹ́ẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ nǹkan, kò tíì mọ bí yóò ṣe já a gbà. Nígbà tó fi máa pé oṣù 4, tí Táíwò bá húkọ́ báyìí, á ti yíjú.

Màmá Aláṣọ, Ọ̀yẹ́-Èkìtì

Tèmi ti pé ọdún 2. Mo ní kó lọ mú bàtà mi wá, ó rí adìyẹ, ó tẹ̀lé adìyẹ lọ. Tẹlifíṣọ̀n tó máa ń wà ní títàn látàárọ̀ ni mo pa. Láti ìgbà yẹn, ó ń pẹ́ nídìí eré kan kó tó bọ́ sí òmíràn.

Màmá Tíṣà, Adó-Èkìtì

Mo gbàgbé ọ̀kan. Ní 2003, ìwádìí kan láti Amẹ́ríkà jáde. Wọ́n ń tan àwọn àwọ̀ fún àwọn ọmọ, wọ́n ń pa á, wọ́n sì ń yí ọ̀kan padà níbì kan. Àwọn tó jẹ́ oṣù 6 ààbọ̀ mọ ìyípadà náà tó bá jẹ́ àwọ̀ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Àwọn tó jẹ́ oṣù 10 mọ̀ ọ́n láàárín mẹ́ta sí mẹ́rin. Láàárín oṣù díẹ̀ péré o!

Ìyá Àkọ́bí, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

Ẹ ṣeun mà. Mo tún un ṣe lónìí, ìyá ọkọ mi sì jókòó tì wá. Abọ́ pupa lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́yìn náà funfun, mo sì jẹ́ kó nawọ́ lójú ẹsẹ̀. Ó mú ṣíbí! A tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. Lọ́tẹ̀ yìí mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ka 1 dé 5. Pupa ló lọ. Ìyá ọkọ mi ló kọ́kọ́ rí i, ó ní, “Wo ojú rẹ̀!” Ọwọ́ ọmọ wà lórí abọ́ pupa, ojú rẹ̀ wà lára abọ́ funfun.

Ìyá ti gbé abọ́ méjèèjì pamọ́ sínú yàrá wọn. Wọ́n ní tó bá pé oṣù 10, àwọn fúnra wọn ni yóò ka iye náà, pé ó máa dé 7.