"Figure 3" ni mo gbọ́, sà

Èmi olùkọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí nígbà tí mo ń kọ́ ọmọ tí kò ríran. Ní 2020 tí Kòrónà lé gbogbo wa sílé, mo fi fóònù ya fọ́tò ìwé tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi ní ètò ọrọ̀-ajé, odidi ojú-ìwé 38, mo sọ ọ́ di PDF, mo jù ú sórí WhatsApp kíláàsì. Lójú tèmi, mo ti ṣe bẹbẹ.

Lálẹ́, ọmọ kan tí kò ríran nínú wọn pè mí. "Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ nǹkan tí kọ̀ǹpútà mi ń wí." NVDA, ètò orí kọ̀ǹpútà tó máa ń ka ohun tó wà lójú ẹ̀rọ sókè fún un, ló ń sọ̀rọ̀: "Empty document." Ojú-ìwé 38 o! Fọ́tò lásán ni mo fi ránṣẹ́, kò sí lẹ́tà kan tí ẹ̀rọ lè kà níbẹ̀. Mo ní èló ni wọ́n ń ta NVDA yẹn, bóyá ká bá a ra èyí tó dáa jù ú lọ. Ó rẹ́rìn-ín. Ọ̀fẹ́ ni, ọmọ Ọsirélíà kan tí òun náà kò ríran ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 2006.

Mo tún gbogbo ẹ̀ tẹ̀. Ó tún pè. Àwọn àkọlé tí mo fi lẹ́tà gàdàgbà kọ, NVDA ò mọ̀ wọ́n ní àkọlé. Ó ní kí n lọ yan Heading nínú Word, kí òun lè máa tẹ H, kí òun máa fò láti orí kan sí òmíràn. Ibi àwòrán ni ojú ti wá tì mí jù. "Figure 3" ni mo kọ sí i, mo kọjá lọ. Ó ní, "Sà, 'Figure 3' ni mo gbọ́. Kí ló wà níbẹ̀?" Mo wá kọ ọ́ jáde pé bí owó gààrí ṣe ń gbówó lórí ni iye kóńgò tí èèyàn ń rà ń dín kù. Àwọn tó ríran gan-an ní ìgbà yẹn ló tó yé àwọn.

Èsì akẹ́kọ̀ọ́ kan: Tèmi yàtọ̀, sà. Etí mi ò gbọ́ràn dáadáa. Olùkọ́ wa ṣàánú wa nítorí owó dátà, wọ́n pa fídíò tì, wọ́n ń fi voice note kọ́ wa. Gbogbo kíláàsì ń dúpẹ́. Èmi jókòó, mo ń wo àmì róbótó kékeré yẹn bó ṣe ń rìn lọ, ìṣẹ́jú 47. Ọ̀rẹ́ mi ló ń bá mi tẹ ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ jáde. Kó tó dé ìdajì, ìdánwò ti wọlé.

Olùkọ́: Áà. Voice note lèmi náà ń lò báyìí. Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì mi tí kì í fèsì rárá, ọ̀lẹ ni mo sì ń pè é. Màá kọ̀wé sí i lálẹ́ yìí.