Báwo ni mo ṣe lè pín rọ́nwéè Heathrow bí wọ́n ṣe ń pín in gan-an?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń wa bàálù lórí kọ̀ǹpútà. Ìmọ̀ràn yín ni mò ń wá.

Rọ́nwéè méjì (ọ̀nà tí bàálù ń sáré lórí rẹ̀ láti gbéra tàbí láti bà lé) ló wà ní Heathrow, pápákọ̀ òfurufú kan ní London, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn, ọ̀kan ni bàálù ń bà lé, èkejì ni wọ́n fi ń gbéra. Tó bá di aago 3 ọ̀sán, wọ́n á pààrọ̀ wọn, kí àwọn tó ń gbé lábẹ́ ọ̀nà bàálù lè sinmi ariwo. Ohun tí mo fẹ́ gan-an nìyẹn.

Àmọ́ nínú géèmù tèmi, 27R (rọ́nwéè ọwọ́ ọ̀tún téèyàn bá kọjú sí ìwọ̀-oòrùn) ni gbogbo bàálù ń rọ́ lọ. Lánàá, bàálù mọ́kànlá ni mo kà tó tò sẹ́nu rẹ̀, 27L, ti ọwọ́ òsì, sì dá páropáro bí ọjà tó ti tú. Mo ti 27R pa fún ìgbéra nínú fáìlì pápákọ̀ òfurufú náà, ó sì ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n fáìlì kò mọ aago.

Ṣé kí n ṣe fáìlì méjì, kí n máa pààrọ̀ wọn ni? Tí afẹ́fẹ́ bá wá yí padà, tó ń fẹ́ láti ìlà-oòrùn ńkọ́, nígbà tó jẹ́ pé 09L (27R yẹn náà, láti òdìkejì) ni wọ́n sábà máa ń bà lé, tí 09R (òdìkejì 27L) sì jẹ́ ti ìgbéra? Ẹni tó bá ti ṣe é rí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tọ́ mi sọ́nà.