Ejẹ́ńsì ní kí n san ₦25,000 kí wọ́n tó bá mi wáṣẹ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Ìsánlú
Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ti wọ ọdún kejì PhD mi. Àwọn àgbẹ̀ kajú ni mò ń ṣèwádìí lé lórí, láti Kabba dé Bùnú: iye tí àwọn alágbàtà ń rà á lọ́wọ́ wọn, àti ìdí tí owó gidi kì í fi í dé ọwọ́ wọn. Owó tí mo tọ́jú ti tán. Lóṣù tó kọjá, owó ọ̀kadà tí mo san ju owó tí mo fi jẹun lọ. Mo wá ń wá iṣẹ́ ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀.

Ó di oṣù mẹ́rin báyìí tí mo ti ń fi CV ránṣẹ́ sí àwọn ejẹ́ńsì l'Ábújá. Méjì ò dáhùn rárá. Obìnrin kan pè mí láti ìkẹta, ọ̀rọ̀ wa ń dùn bọ̀ títí mo fi dárúkọ PhD. Ó ní ẹni tó fẹ́ gba òṣìṣẹ́ á rò pé n ó sá lọ ní gbàrà tí mo bá ríṣẹ́ yunifásítì. Ẹ̀kẹrin ní iṣẹ́ ìwádìí ọjà wà ní Lọ́kọ́jà, ṣùgbọ́n kí n kọ́kọ́ san ₦25,000 fún fọ́ọ̀mù àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́, kí n sì fi nọ́ńbà BVN mi ránṣẹ́. Wọ́n fi ìwé ìforúkọsílẹ̀ CAC wọn hàn mí. Ìyá mi ti lọ bá olórí àjọ tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń dá pé kí wọ́n jẹ́ kí òun kó tòun ṣáájú, kó lè fún mi lówó náà. Ohun tó lé mi wá síbí nìyẹn. Ṣé kí n san án? Ṣé kí n sì yọ PhD kúrò nínú CV?

Ẹ̀gbọ́n Àbújá
Àbúrò, má san kọ́bọ̀. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ejẹ́ńsì, mo mọ ọ̀nà tí owó ń gbà wọlé. Ilé iṣẹ́ tó ń wá òṣìṣẹ́ ló ń san owó wa. Ẹni tó bá ń gbowó lọ́wọ́ ẹni tó ń wáṣẹ́, fọ́ọ̀mù ló ń tà, kì í ṣe iṣẹ́. Àdéhùn 181 tí ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ṣe lọ́dún 1997 sọ ọ́ ní ẹsẹ̀ 7 pé ejẹ́ńsì ò gbọdọ̀ gbowó lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, àfi ibi tí ìjọba bá dìídì yọ sílẹ̀.

CAC kàn ń fi hàn pé wọ́n forúkọ sílẹ̀ ni. Ìwé mìíràn wà tí ẹni tó bá ń gba òṣìṣẹ́ fún ẹlòmíràn ní láti gbà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ìyẹn ni kó o béèrè, kó o wá gbọ́ ohùn wọn. BVN ńkọ́? Nọ́ńbà àkáǹtì tó láti fi sanwó oṣù, ìyẹn náà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbà ọ́.

Ìyá Ìbejì, Kabba
Ọmọ mi, bẹ ìyá rẹ kó má kó àjọ yẹn. Ọmọ tèmi san ₦15,000 fún irú wọn. Nígbà tó dé Lọ́kọ́jà, wọ́n kó wọn jọ sínú gbọ̀ngàn kan, wọ́n ní ọṣẹ ni wọn yóò máa tà. Kò rí owó náà gbà padà. Ojú ń tì í débi pé oṣù méjì kọjá kó tó lè sọ fún mi.

Ọmọ Mọ̀pà
Má yọ PhD. Mo yọ tèmi rí, wọ́n sì bi mí léèrè ohun tí mo fi ọdún mẹ́ta ṣe, mi ò rí èsì fọ̀. CV méjì ni kó o ní. Kí ti ejẹ́ńsì jẹ́ ojú ìwé kan péré, kí ohun tó o lè ṣe wà lókè pátápátá: pé o lè fi KoboToolbox gba ìdáhùn lẹ́nu àgbẹ̀ lórí fóònù, pé o mọ SPSS tí wọ́n fi ń ṣírò èsì ìwádìí, gbogbo èdè tó o gbọ́, pé o mọ ọ̀nà oko. Kọ ọjọ́ tí ọwọ́ rẹ ṣí sílẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú. Wọn ò ráyè ka àkòrí ìwádìí rẹ.

Ṣùgbọ́n ká sòótọ́, iṣẹ́ ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ ṣọ̀wọ́n lọ́wọ́ ejẹ́ńsì. Ọ̀dọ̀ àwọn olùkọ́ tó gba owó ìwádìí àti àwọn àjọ tó ń rán èèyàn lọ sí abúlé láti béèrè ọ̀rọ̀ ló wà. Olùkọ́ tó ń darí ìwádìí mi ló fà mí lé irú wọn lọ́wọ́, mo ṣiṣẹ́ ọjọ́ méjìlá ní Yàgbà. Kó o tó gbéra, béèrè bóyá ojúmọ́ ni wọ́n ń san tàbí iye fọ́ọ̀mù tó o bá kọ, àti ẹni tó ń san owó ọkọ̀. Kí ó wà nínú ìwé.

Ọmọ Ìyàrá
Ẹ má jẹ́ kó pa ejẹ́ńsì tì o. Ejẹ́ńsì ló bá mi rí iṣẹ́ tí mo fi parí ẹ̀kọ́ mi, mi ò sì san nǹkan kan. Ohun tó dùn mí ni pé mi ò béèrè iye tí ilé iṣẹ́ ń san fún wọn lórí mi kí n tó buwọ́ lùwé. Má sì gbọ́kàn lé ₦70,000 tí ìjọba fi ṣe owó oṣù tó kéré jù lọ lọ́dún 2024. Òfin náà yọ àwọn tí kì í ṣiṣẹ́ ní gbogbo àkókò sílẹ̀, nítorí náà ẹnu ara rẹ lo máa fi dúnàá dúrà.

Abiyamọ Ẹ̀gbẹ̀
Bó bá jẹ́ pé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lo wà, tún ìwé àdéhùn rẹ̀ kà. Òmíràn ò fàyè gba iṣẹ́.

Ọmọ Ìsánlú
Ẹ ṣé gan-an ni. Àpò ara mi ni mo fi ń kàwé, kò sí àdéhùn kankan lọ́rùn mi. Ìyá mi ti kó owó náà lánàá, ó ti dá a padà láàárọ̀ yìí. Mo béèrè ìwé ilé iṣẹ́ ìjọba lọ́wọ́ wọn, wọ́n ti kà á, wọn ò fèsì. Olùkọ́ mi ní òun ò tiẹ̀ mọ̀ pé mò ń wáṣẹ́, òun á bá mi béèrè. Ẹ̀gbọ́n Ọmọ Mọ̀pà, ẹ jọ̀ọ́, tí mo bá tún CV náà kọ lálẹ́ òní, ṣé ẹ lè bá mi wò ó?

Ọmọ Mọ̀pà
Fi ránṣẹ́.